Bí Ọ̀nà Ṣe Yà Níwájú Ilé Wa

Ọ̀nà náà ò gùn. Bí ẹ bá gun ọ̀kadà ní Lotto, tí ẹ ra ẹ̀pà dání, ẹ ò ní tíì jẹ ẹ́ tán tí ẹ fi máa dé ìparí rẹ̀. Etí márosẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba iwájú àwọn tó ń ta irin àti pákó, ó gba ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí kọjá, ó gba ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, ó gun òkè kékeré kan, ó sọ̀kalẹ̀ sí afárá, ó sì parí sí oríta ọjà. Ọ̀nà ìjọba ìpínlẹ̀ ni, wọ́n kọ ọ́ sára pátákó níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ti káńsù ni. Láti márosẹ̀ títí dé orí òkè yẹn, ó tọ́ ṣánṣán. Níbi tó ti ń sọ̀kalẹ̀, tó yẹ kó kàn máa lọ bẹ́ẹ̀, ló ti ṣàdédé yà sọ́tùn-ún bí apá tí wọ́n ká mọ́ ẹ̀yìn olè, kó tó tún padà sójú ibi tó yẹ kó wà. Àwọn kọ̀ńdọ́ ń pe ibẹ̀ ní Sàréè. "Ẹni tó ń sọ̀ ní Sàréè, ẹ máa bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà o." Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bínú sí i. Àwọn àjèjì rò pé itẹ́ òkú wà níbẹ̀ nígbà kan rí. Irọ́ ni. Sàréè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, bàbá mi ló wà nínú rẹ̀, mo sì mọ bó ṣe débẹ̀.

Oríṣìíríṣìí ìtàn ni mo ti gbọ́ nípa kọ́nà yẹn. Àwọn kan ní àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ tí ẹ̀rọ ò lè fọ́. Àwọn kan ní iwin ló lé kátápílà sá. Nígbà tí ìjàǹbá pọ̀ jù, pásítọ̀ kan wá láti Ibafo, ó gbàdúrà, ó da òróró sójú ọ̀nà, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọlọ́kadà méjì ti yọ̀ ṣubú lórí òróró náà. Mo rẹ́rìn-ín títí. Kò sí àpáta, kò sí iwin. Àwa ni.

Kí ọ̀nà tó di ọ̀nà, ọ̀nà oko ni. Ẹ̀gẹ́ ni bàbá bàbá mi gbìn sí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀ kiri, bàbá mi ta oko náà fún wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ onílẹ̀ ni bàbá mi, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbẹ́ ìpìlẹ̀ láì kọ́kọ́ wá kí i, ó di dandan kó sùn sí ọsibítù. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá wa ni àdá máa ń wà, a sì ń kà á mọ́ ohun èlò ilé, bí ìgbálẹ̀ àti ọmọ odó. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń gbé mi sí èjìká lọ wo ilẹ̀, ó máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé èmi ni ọkùnrin kejì nínú ilé òun, lẹ́yìn Bọ̀dá mi.

Mo ti tó ọmọbìnrin tó ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ nígbà tí àwọn awọnlẹ̀ ìjọba dé. Wọ́n ń ri èèkàn mọ́lẹ̀ láti Lotto bọ̀, èèkàn pákó tí wọ́n kun orí rẹ̀ ní pupa, wọ́n sì ń fi okùn tọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé wa, èèkàn kan wọlẹ̀ sí ìdí àkàsọ̀ ẹnu ọ̀nà gan-an. Bàbá mi jáde pẹ̀lú ṣòkòtò àti síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó bi ọ̀gá wọn pé ta ló rán an. Ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu láti ṣàlàyé ni bàbá mi gba irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì là á mọ́ ọn léjìká. Mo gbọ́ nígbà tí eegun náà kán. Ó ké bí ewúrẹ́, àwọn yòókù bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Mo rẹ́rìn-ín ọjọ́ náà pẹ̀lú. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ilé tí wọ́n ti tọ́ mi nìyẹn.

Ọlọ́pàá wá gbé bàbá mi lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú, ó ń tiro. Kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ lẹ́yìn ìyẹn tí rọpárọsẹ̀ fi dá a dùbúlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì yé wa dáadáa. Ó pe ìyá mi, ó pe Bọ̀dá mi, ó pe èmi. Ó ní tí òun bá kú, kí a má gbé òun lọ sí ibòmíì, ojú èèkàn yẹn gan-an ni kí a gbẹ́. Ó ní ìjọba kì í gba orí òkú kọjá, ẹ̀rọ wọn gan-an ń bẹ̀rù. Kì í ṣe bàbá mi ló dá ọgbọ́n yẹn sílẹ̀ ní agbègbè wa. Láti Asese títí dé Ifo, ilé púpọ̀ ló wà tí ẹ ó bá sàréè níwájú rẹ̀, tí wọ́n lẹ táìsì sí i lára tó ń dán. Àwọn kan sin èèyàn wọn síbẹ̀ nítorí ìfẹ́. Àwọn kan sin ín síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà lè ta ilé náà. Tiwa, a fi dínà ni.

Ó kú lọ́jọ́ Ẹtì, a sì sin ín lọ́jọ́ náà bí ẹ̀sìn ṣe wí. Èmi ni mo fa èèkàn náà tu. Mo fi ọwọ́ ara mi mì í sọ́tùn-ún sósì títí ó fi jáde, mo sọ ọ́ sínú ṣáláńgá, wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ sójú ihò rẹ̀. Nígbà tí lèmọ́mù sọ pé wọn kì í da sìmẹ́ǹtì sórí sàréè Mùsùlùmí, Bọ̀dá mi di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó gbọ̀n ọ́n títí fìlà fi já bọ́. A da sìmẹ́ǹtì. A dà á nípọn bí ìpìlẹ̀ ilé alájà kan.

Ìyá mi ṣì ń ṣe opó lọ́wọ́ nígbà tí kátápílà dé. Ó jáde pẹ̀lú aṣọ dúdú lára, ó jókòó sórí sàréè náà. Bọ̀dá mi àti àwọn ọmọkùnrin àdúgbò tò sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú àdá. Èmi mú ọmọ odó. Ẹni tó ń wa kátápílà pa ẹ̀rọ, ó sọ̀kalẹ̀, ó ní òun ò ní fi irin hú òkú olókùú, òun náà bímọ. Ẹnjiníà wo sàréè, ó wo àdá, ó lọ dúró lábẹ́ igi, ó ń fi fóònù sọ̀rọ̀. Nígbà tó padà dé, ó ní kí wọ́n kó èèkàn lọ sí òdìkejì.

Ìyá aránṣọ ló wà ní òdìkejì. Ọ̀dọ́ opó ni nígbà náà, ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó ṣì ń pọ̀n. Ọwọ́ bàbá mi lọkọ rẹ̀ ti ra ilẹ̀ náà kó tó kú, ó sì kọ́ yàrá mẹ́ta sí i. Wọ́n wó méjì nínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó kúnlẹ̀ fún ẹnjiníà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ó di kátápílà mú ní ẹsẹ̀ títí ọlọ́pàá kan fi fi ìdí ìbọn tì í ní àyà. Ó ṣubú sẹ́yìn lé ọmọ náà lórí. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a gbé e. Kò ní òkú tí yóò sin. Ọkọ rẹ̀ ti kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlú baba rẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ. Àwa wà níwájú ilé tiwa lọ́jọ́ náà, a ń mu mínírà.

Báyìí ni ọ̀nà ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe yà. Ìyá aránṣọ fi páànù àti tapólì dí yàrá tó kù, ó sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù, ó ń sùn sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wò ó, ojú kọ́nà gan-an ni ṣọ́ọ̀bù náà wá bọ́ sí. Ọkọ̀ tó bá ń sáré bọ̀ láti orí òkè, tí awakọ̀ rẹ̀ ò mọ̀nà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń kọjú sí kó tó rántí yà. Ọlọ́kadà kú síbẹ̀. Obìnrin kan tó ń ti ìrìnàjò ìsọjí bọ̀ kú síbẹ̀ pẹ̀lú Bíbélì lábẹ́ apá. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan yí gbiri-gbiri, ó gé olùkọ́ ilé ìwé kan lẹ́sẹ̀, mo sì rí ẹsẹ̀ náà pẹ̀lú bàtà lára rẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà. A máa ń gbé omi jáde láti fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò níwájú ilé wa, lẹ́yìn náà a ó wọlé lọ jẹun.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ìyá aránṣọ ò bá wa jà rí. Òun ló rán aṣọ ìgbéyàwó mi. Ó wọn àyà mi, ó wọn ìdí mi, abẹ́rẹ́ wà láàárín ètè rẹ̀, ó ní kí n nà tó. Nígbà tí mo dá ibi ìmọ búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ nítòsí afárá, òun ló rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn tó ń bá mi mọ búlọ́ọ̀kù. Tí mo bá kí i, ó máa ń dáhùn. Ẹní ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé, ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ò fi hàn wá lọ́jọ́ kan pé òun rántí. Mo wá ń sọ fún ara mi pé bóyá ó rò pé iwin ló yí ọ̀nà lóòótọ́.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ kan ni típà wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Yanrìn mi ló gbé. Èmi ni mo pe awakọ̀ lórí fóònù pé kó yára, pé àwọn òṣìṣẹ́ mi ti ń wo ojú ara wọn láti àárọ̀. Búréèkì já lórí òkè. Ọmọbìnrin ìyá aránṣọ, ọmọ tó ń pọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n wó ilé, ti di ọmọge, ó ti ń kọ́ iṣẹ́ ìyá rẹ̀, ìdí ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló jókòó sí. Típà náà gba fèrèsé wọlé, ó dojú dé, yanrìn sì bo gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ la fi ń wú u. Ìyá rẹ̀ ń wú u pẹ̀lú wa, kò sunkún, ó kàn ń sọ pé, "Ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀." Nígbà tí a kan irun orí rẹ̀, ìyá náà tú gèlè rẹ̀, ó fi bo òkú ọmọ rẹ̀.

Àwọn èrò ti fa awakọ̀ jáde. Èmi ni mo kọ́kọ́ lù ú. Mo he àjákù búlọ́ọ̀kù kan nínú àlàpà, mo fi gbá a lójú, ojú náà sì fọ́. Lẹ́yìn mi ni gbogbo wọn tó bò ó. Wọ́n bọ́ ọ síhòòhò, wọ́n fi irin lù ú, ẹnìkan ti ń wá táyà àti pẹtiróòlù kí ọlọ́pàá tó dé gbà á. Ó yè, àmọ́ ó di olójú kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi lù ú, nítorí mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Kì í ṣe inú ló bí mi. Mo lù ú kí àwọn èèyàn má baà yíjú wo ilé wa.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè sùn dáadáa mọ́. Mo sọ fún Bọ̀dá mi pé kí a lọ bá ìjọba, kí a ní kí wọ́n tún ọ̀nà náà tọ́. Ó ní orí mi ti dàrú. Ìjọba fúnra wọn ló wá dé láì pè wọ́n. Wọ́n fẹ́ fẹ ọ̀nà, kí wọ́n da ọ̀dà tuntun sí i, kí wọ́n gé kọ́nà Sàréè kúrò. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ẹ́kìsì ńlá sí ara ilé wa, wọ́n kọ kékeré sórí sàréè bàbá mi. Bọ̀dá mi lọ pọ́n àdá. Ó ti ju ẹni ọgọ́ta ọdún lọ, orúnkún ń dùn ún, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ yá gágá lọ́jọ́ náà ju bí mo ti ṣe rí i láti ọdún pípẹ́.

Ìyá mi ò lè dìde mọ́ nígbà náà. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, Bọ̀dá mi wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́. Ìyá mi ní, "Tí mo bá kú, Ifo ni kí ẹ gbé mi lọ, sí ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn mi. Ẹ má fi mí dínà."

Mo ní, "Mo gbọ́, Màámi."

Bọ̀dá mi ní, "Àìsàn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn."

Ó kú lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ kan. Mo wà nínú ilé pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ń wẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo gbọ́ ìró dígà níta. Mo jáde. Bọ̀dá mi ti kó ọkùnrin mẹ́rin wá, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ dé ìbàdí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá mi, lórí ìlà tí àwọn ẹnjiníà fẹ́ gbà.

Mi ò bá a jiyàn. Mo bẹ́ sínú ihò náà. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ kọ́kọ́ sin èmi ná."

Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ jáde, èmi nìkan ló kù nísàlẹ̀. Bọ̀dá mi ní kí n jáde. Mo ní ó di ọ̀run. Ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹnìkan, ó fi igi rẹ̀ gbá mi lọ́wọ́, ọrùn ọwọ́ mi sì kán. Mo gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe gbọ́ ti awọnlẹ̀ yẹn. Mo fi ọwọ́ kejì di kókósẹ̀ rẹ̀ mú, mo fà á. Ó já bọ́ lù mí nínú sàréè ìyá wa. Àwa méjèèjì, àgbàlagbà tó ní ọmọ-ọmọ, a ń ja ìjà ẹlẹ́rẹ̀ nínú ihò òkú. Ó fún mi lọ́rùn. Mo gé e jẹ ní etí títí ẹ̀jẹ̀ fi kún ẹnu mi. Gbogbo àdúgbò ti pé sórí wa, àwọn awakọ̀ ti dúró, mo sì ń pariwo ohun tí ìyá mi sọ, mo ń tún un sọ, kí ẹni tó wà ní Lotto lè gbọ́ ọ.

Èémí ló tán nínú Bọ̀dá mi. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ lọ́rùn mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé, orí rẹ̀ wà ní àyà mi, ó ní, "Tí ọ̀nà bá gba ibí, kí ló kù tí bàbá fi sílẹ̀ fún wa?" Kó tó di ìrun alásárì, a ti gbé ìyá mi dé Ifo.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ la wá hú bàbá mi. Lèmọ́mù tuntun wà níbẹ̀, ó ní ẹ̀sìn gbà á nígbà tí ó bá di dandan. Ó gba gbogbo àárọ̀ kí wọ́n tó fọ́ sìmẹ́ǹtì tí a dà. Ọwọ́ mi ṣì wà nínú ìdì funfun tí wọ́n dì í sí ní ọsibítù, Bọ̀dá mi sì fi báńdéèjì bo etí. Èèyàn ńlá yẹn, ohun tó kù nínú rẹ̀ ò ju ohun tí a lè fi ẹní kékeré ká. Bọ̀dá mi ń ṣa á sínú aṣọ funfun, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kò jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí ìyá aránṣọ sọdá wá. Láti ìgbà tí wọ́n ti wó ilé rẹ̀, kò gbé ẹsẹ̀ wọ iwájú ilé wa rí, àwa la máa ń lọ bá a. Ó wo ihò náà. Ó wò mí.

Ó ní, "Ìbéèrè kan ni mo ní. Ọjọ́ tí ẹ sin ín síbí, ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀nà máa gbà?"

Bọ̀dá mi ní, "Ìyá aránṣọ, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́, ẹ jẹ́ ká..."

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ dákẹ́."

Mo lè purọ́. Gbogbo ẹni tó lè já mi nírọ́ ti kú tán, àfi Bọ̀dá mi, òun náà ò sì ní sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀ sórí àfọ́kù sìmẹ́ǹtì. Mo ní, "A mọ̀, mà. Bàbá wa sọ ọ́ lórí ibùsùn pé kò sí ọkùnrin ní ilé òdìkejì, pé kò sẹ́ni tó máa jà fún un. Gbogbo wa la gbọ́."

Ó gbá mi létí. Ọwọ́ tó ti ń di sísọ́ọ̀sì mú láti ogójì ọdún, ojú mi ṣókùnkùn. Bọ̀dá mi dìde fùú, mo fi ọwọ́ mi tó dáa di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ìyá aránṣọ tún gbá mi lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀gbẹ́ kan náà, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo wà lórí eékún mi, mo ń retí ẹ̀ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n ó ti yíjú padà, ó ti dúró sétí ọ̀nà, ó ń wo ọ̀tún àti òsì kó tó sọdá.